Bí Ẹni Tó Ní Àrùn Marfan Ṣe Lè Máa Ṣe Eré Ìdárayá Láì Fi Ọkàn Wéwu

Ní oṣù kìíní ọdún 1986, Flo Hyman, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba fàdákà nínú vọ́líbọ́ọ̀lù ní Òlíḿpíìkì 1984, ń figagbága ní ìlú Matsue ní Japan. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe kú nìyẹn, lẹ́ni ọdún 31. Ìgbà tó kú tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ní àrùn Marfan, àti pé àọ́tà rẹ̀, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, ti ya. Wọ́n yẹ ọmọ ìyá rẹ̀ kan wò, wọ́n bá a lára tiẹ̀ náà, wọ́n sì tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Àrùn ìdílé ni. Nínú nǹkan bí 5,000 ènìyàn, ẹnì kan ní in. Ohun tó ń jẹ́ kí iṣan nà kó sì padà sípò ni kò péye, nítorí náà àọ́tà á máa fẹ̀ bíi rọ́bà ṣòkòtò tó ti dẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn so ọmọ yín mọ́ àga. Ìjókòó gbére náà ń ba ọkàn jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara. Kí ó fi àtàńpàkò àti ìka ọmọńdinrín di ọrùn ọwọ́ kejì mú. Tí àtàńpàkò bá bo èékánná ọmọńdinrín mọ́lẹ̀, tí ẹni náà sì ga fíofío, tí apá rẹ̀ gùn, ẹ lọ rí dókítà. Àmì lásán nìyẹn o, kì í ṣe ìdájọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò echo, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn àti àọ́tà, kó tó sáré kankan. ECG tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà kò lè sọ bí àọ́tà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, torí ọdọọdún lẹ ó máa fi wéra. Tó bá ti ń sún mọ́ 5, dókítà á ti máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Tí dókítà bá gbà, kó máa rìn kánmọ́, tàbí kó gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kó máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ. Tí kò bá lè parí gbólóhùn láì mí hẹlẹhẹlẹ, kó dẹwọ́. Ẹ̀ṣẹ́, ìjàkadì àti gbígbé irin kò sí nínú tiẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ eré ìdárayá níléèwé, torí ọmọ tó ga ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà sínú básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹ̀bá kànga ló ń bà mí lẹ́rù ju pápá lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 wúwo tó kílò 25. Ẹ wo ọmọkùnrin tó fẹ́ gbé e: á bẹ̀rẹ̀, á di èémí sínú, iṣan á yọ lọ́rùn rẹ̀, á gbin kí kẹ́ẹ̀gì tó kúrò nílẹ̀. Ní ìgbà tó ń gbin yẹn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà lára iṣan tó ti dẹ̀. Kó má gbé e. Ẹ bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, kó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó sì máa mí síta bó bá ṣe ń gbé e. Fífa okùn jẹnẹrétọ̀, títi mọ́tò, fífi agbára yàgbẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ má sì ra cipro, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fúnra yín ní kẹ́mísìì. Láti 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé irú oògùn yẹn lè jẹ́ kí àọ́tà ya, wọ́n sì dárúkọ àwọn tó ní Marfan àti Ehlers-Danlos, àrùn ìdílé mìíràn tó jọ ọ́.

Tí ìrora bá dé lójijì láyà tàbí láàárín ẹ̀yìn, bí ìgbà tí aṣọ ń ya, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú, ẹ má sì dúró kílẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ Marfan látẹnu ọ̀nà.