Alumíníọ̀mù 6061 tẹ́ ẹ jó: agbára rẹ̀ lè padà

Ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí férémù kan tó kán mọ́ oníbàárà lábẹ́. 6061-T6 (irú alumíníọ̀mù kan tí wọ́n ti fi ooru mú le) tí kò tíì rí iná wẹ́dà lágbára tó nǹkan bí 310 MPa (òṣùwọ̀n agbára). Tẹ́ ẹ bá ti jó o, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó máa ń já wálẹ̀ sí bí ìdajì, bó ti wù kó dán tó.

Kí agbára náà lè padà, ẹ gbé e sínú ìléru ní nǹkan bí 530°C kí gbogbo ara rẹ̀ gbóná dọ́gba, kẹ́ ẹ rì í bọ omi kíákíá. Á lọ́ díẹ̀. Ẹ tètè tọ́ ọ nígbà tó ṣì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sínú ìléru ní 175°C fún wákàtí 8. Ẹ má fi iná gáàsì ọwọ́ ṣe é o: alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́, ojú lásán ò lè wọn ooru rẹ̀.

Tí alumíníọ̀mù náà bá nípọn, filler (wáyà tẹ́ ẹ ń yọ́ sójú ìjó) 4643 dáa ju 4043 lọ fún iṣẹ́ yìí, torí ó ní magnesium nínú. Ẹ má lo filler 5356 fún un rárá. Ní ti alumíníọ̀mù oríṣi 5052 àti 5083, ìléru ò lè fún wọn lágbára. Ṣe ló máa túbọ̀ mú wọn rọ̀.