Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Tú Nọ́sù Ọkọ̀ Yín

Ẹyin ni mo ń tà. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń wakọ̀ lọ sí oko adìyẹ kan lọ́nà Ìmọ̀tà, mo máa ń tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn Corolla mi ti ọdún 2005 sílẹ̀, mo sì máa ń to kéréètì títí yóò fi kan ẹ̀yìn ọrùn mi. Kéréètì kan, ẹyin 30. Láti ibẹ̀ dé Sábó ní Ìkòròdú, bí ọkọ̀ bá jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, mo ti mọ̀ pé kéréètì ìsàlẹ̀ ti ń ṣomi. Ohun tó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ nọ́sù nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó di pé ẹ náwó sí i.

Injector ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, nọ́sù la ń pè é ní sọ́ọ̀bù; òun ló ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ má fi wé kábúrétọ̀ rárá, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́. Volkswagen ìjàpá ni bàbá mi ń wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975. Bó bá di Sátidé, wọ́n á tú kábúrétọ̀ rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ọkọ̀ á sì dáhùn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ nídìí kábúrétọ̀ ló ń fi ọwọ́ kan náà mú nọ́sù títí dòní. Nọ́sù kò gba bẹ́ẹ̀. Irin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí iná ń fà sókè: bírén-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á fún un níná, á ṣí, á tún padé, gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá bí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Agbára tí epo fi ń tì í lẹ́yìn nínú Corolla mi tó 44 sí 50 psi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ táyà mi kò ju 32 lọ. Ihò ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí epo fi gbọ́dọ̀ jáde bí omi inú ike tí onídìrí fi ń fín irun. Bó bá ń kán tó-tó-tó, tàbí tó ń ta jáde gbọọrọ bí ìtọ̀ ọmọdé, ìṣòro ti dé nìyẹn.

Kí ló ń dí i? Bí ẹ bá pa ọkọ̀, ooru ẹ́ńjìnì kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Epo tó ṣẹ́ kù létí nọ́sù á gan mọ́ ọn bí ọbẹ̀ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹni tó kàn ń wakọ̀ láti Àga dé Sábó, tó ń pa á, tó ń tàn án, nọ́sù tirẹ̀ á yára dí ju ti ẹni tó ń rìn ọ̀nà jíjìn. Epo inú kẹ́ẹ̀gì náà wà ńbẹ̀, pàápàá kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé omi rí. Ẹ ò gbàgbé oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú, tí ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò ní ilé epo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún 2023, kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, iná ẹ́ńjìnì sì tàn sójú mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò síkáànì rẹ̀, ìyẹn ni pé kò fi ẹ̀rọ ka kóòdù àṣìṣe inú bírén-bọ́ọ̀sì, kò béèrè nǹkan kan. "Nọ́sù ni, Màmá." Wọ́n tú u, wọ́n da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n gé láàbọ̀, wọ́n bu bẹntiróòlù lé e. Ọmọṣẹ́ fẹnu fẹ́ ẹ, ó so wáyà mọ́ bátìrì ọkọ̀ tààrà, ó ń fi wáyà kan nọ́sù lójú iná. Wọ́n gba ₦15,000.

Mo dé Ògólóǹtò, òórùn epo gba ẹnu éésì kún inú ọkọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí nọ́sù kẹta ń dán. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí epo tó kóra jọ bí òógùn orí imú, ó tóbi, ó já, ó kán sára irin gbígbóná, ó sì gbẹ kí n tó ṣẹ́jú. Rọ́bà àtijọ́ tó ti gan ni wọ́n dá padà sídìí nọ́sù. Bó bá jẹ́ pé iná ṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́? Títí di òní, bí mo bá kọjá Ògólóǹtò, mo máa ń fa afẹ́fẹ́ símú wò.

Ọkọ̀ náà kò sì yé jẹ́ẹ̀kì. Àbúrò mi tó ń ṣe rewáyà ní Ìgbógbò ló síkáànì rẹ̀: kóòdù P0303 ló gbé wá, ìyẹn ni pé epo kò jó dáadáa nínú sìlíńdà kẹta, ihò kẹta tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì. Ó yọ kọ́ìlì kẹta, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, ó fi ti àkọ́kọ́ sípò rẹ̀, ó fi ti kẹta sípò àkọ́kọ́, ó pa kóòdù rẹ́, a sì wa ọkọ̀ yí àdúgbò po. Nígbà tó tún síkáànì, P0301 ló gbé wá, ìyẹn sìlíńdà àkọ́kọ́. Àrùn náà bá kọ́ìlì lọ. Nọ́sù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, ìdánwò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fífọ̀. Ẹ síkáànì, kí ẹ sì pààrọ̀ ipò kọ́ìlì bí mo ṣe wí yìí. Ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì àti fítà afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀, ẹ mú sikurudíráfà gígùn, ẹ fi ẹnu rẹ̀ lé ara nọ́sù, kí ẹ gbé etí lé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ àti gèlè jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Ẹ ó gbọ́ kí-kí-kí-kí tó yá wéré-wéré. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún bákan náà. Èyí tó bá dákẹ́, wáyà ni tàbí kí nọ́sù fúnra rẹ̀ ti kú. Kò sí ọṣẹ tó lè jí i. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọ̀n ọ́n: tèmi máa ń fún mi ní nǹkan bíi 14 ohm.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára, tí ọkọ̀ kàn ń gbọ̀n díẹ̀ lójú kan, tó ń ṣòro tàn láàárọ̀, tó sì ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oògùn inú ìgò tó ń fọ nọ́sù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò nílé. Ẹ ka ara ìgò náà, kí ẹ wá èyí tí wọ́n kọ polyetheramine tàbí PEA sí, ìyẹn èròjà tó ń tú ìdọ̀tí kúrò. Irú Techron ní in. Ẹ dà á sínú táǹkì nígbà tí epo bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹ tó ra epo kún un, kí epo tuntun lè pò ó pọ̀. Táǹkì Corolla mi gba nǹkan bíi líta 50, ìgò kan sì tó o. Ẹ má da méjì pọ̀ nítorí ìkánjú. Ẹ má bu kẹrosíìnì tàbí tínà sí i, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ dáadáa: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kọ́ ni mo ń wí, ìrìn tí ẹ́ńjìnì á ti gbóná tí á sì sáré. Èmi a máa ṣe é nígbà tí ọjọ́ àtipààrọ̀ ọ́ìlì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, torí díẹ̀ nínú oògùn náà máa ń ṣàn sínú ọ́ìlì. Ẹ fún un ní táǹkì méjì kí ẹ tó dájọ́.

Ní ti pé kí ẹ tú nọ́sù fúnra yín, mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi bátìrì kékeré 9 volt àti síríńjì ṣe é nílé. Ó ṣeé ṣe. Èmi kò ní ṣe é lágbàálé tí wọ́n ti ń dáná, tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ọmọdé ń sáré. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ṣáá, kó kọ́kọ́ yọ riléè pọ́ọ̀ǹpù epo, ohun tó ń fún pọ́ọ̀ǹpù náà níná, kó tan ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí agbára epo rọlẹ̀, kó sì tú orí bátìrì ọkọ̀. Kó kàn fi iná tọ́ nọ́sù fìrí ni, kó má fi lé e. Kó má fi abẹ́rẹ́ tọ ihò rẹ̀. Rọ́bà tuntun ni kó lò, kó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pa á kó tó tì í wọlé. Sienna 2004 kì í ṣe iṣẹ́ ilé rárá, nọ́sù mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ maníífóòdù, páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ GDI sí, ìyẹn èyí tí nọ́sù rẹ̀ ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, ẹ jìnnà sí i: epo rẹ̀ lè ju 2,000 psi lọ, ó lè gún awọ ara wọlé.

Bí oògùn inú ìgò kò bá ràn án, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nọ́sù mi dí lóòótọ́, epo kẹ́ẹ̀gì ló fà á. Ẹni tó bá mi ṣe é tò wọ́n sórí ẹ̀rọ tó ní ìgò gbọọrọ mẹ́rin, ó sì pè mí kí n wá wò ó kó tó fọ ohunkóhun. Epo ń gòkè nínú wọn. Mẹ́ta gùn dé àmì 60, ti nọ́sù kejì dúró sí 45. Ó kó wọn sínú omi ẹ̀rọ tó ń dún híín-híín, omi náà di dúdú lójú mi. Ó yọ fítà kékeré orí wọn, tuntun ló fi sí i, pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Nígbà tó tún wọn gbé sórí ìgò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹni tí kò bá lè fi ìgò yẹn hàn yín ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti dá wọn padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ sí "on" kí wọ́n sì pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí epo lè kún inú páìpù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi tíṣù funfun nu ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Bí tíṣù bá gbẹ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tàn án.