Bí Ẹ Ṣe Lè Jiyàn Lórí Ìtàn Zelda Kí Mànẹ́ẹ̀tì Má Di Òkò

Tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdèńà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin níbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ti iwájú ni tirẹ̀. Ti ẹ̀yìn, Zelda ni, ọ̀wọ́ géèmù akọni tí wọ́n ṣe ní Japan. Bọ́ọ̀lù kì í dá wàhálà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí góòlù kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ti máa ń pariwo títí ìyá alákàrà tó wà níwájú wa á fi yọjú béèrè ẹni tó kú.

Wọ́n ti la mànẹ́ẹ̀tì kan, ohun tí a fi ń darí géèmù, mọ́ ògiri lórí bí ìtàn inú Zelda ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọjọ́ náà ni mo fi òfin lélẹ̀, òfin ọ̀hún ni mo sì fẹ́ fi hàn yín. Bí ilé yín bá ní irú àwọn ọmọ báyìí, ẹ mú un lò.

Ẹ kọ́kọ́ ra kàyé kan, ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Okùn ni mo fi so tèmi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kó sọ èwo ló ń kà: ṣé bí géèmù ṣe jáde tẹ̀ lé ara wọn ni, àbí bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀? Ìdajì ìjà ń parí síbẹ̀. Géèmù àkọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n Skyward Sword, tí kò jáde títí di ọdún 2011, ni ìtàn tirẹ̀ ṣáájú. Mo ti rí ọmọ méjì tí wọ́n fẹ́ yọ ojú ara wọn lórí "èyí àkọ́kọ́," tí ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ sì tọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé Link wo là ń sọ, nítorí Link ni orúkọ akọni tí à ń darí nínú àwọn géèmù náà. Èmi fúnra mi ti jẹ gbèsè níbí. Mo ti ń leri pé Link kan ṣoṣo ló wà, pé ńṣe ló ń tún ayé wá bíi Babátúndé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò tíì wọ ọdún mẹ́rìnlá, kò bá mi pariwo. Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ The Wind Waker." Ó ṣí ìbẹ̀rẹ̀ géèmù Zelda yẹn lórí fóònù. Àwọn àwòrán àtijọ́ yẹn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé nígbà tí ibi padà dé, àwọn ará ìlú ń retí akọni náà, akọni kò sì wá. Ó sún un síwájú, ó kan ibi tí ìyá àgbà ti ń fún ọmọkùnrin erékùṣù náà ní aṣọ àwọ̀ ewé, aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọmọkùnrin tó bá tó ọjọ́ orí akọni ayé àtijọ́. Ó dá a dúró níbẹ̀. "Bó bá jẹ́ òun náà ni, kí ló dé tí wọ́n fi ń fún un ní aṣọ ìrántí ara rẹ̀?"

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́fà ni mo san. Lóòótọ́ là ń sọ ọmọ ní Babátúndé, àmọ́ ta ló ń gba gbèsè bàbá àgbà lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́? Nítorí náà ẹ kọ àwọn tó jẹ́ ẹnì kan náà sójú ewé kan: Link inú Ocarina of Time (1998) ló wà nínú Majora's Mask (2000), ti Breath of the Wild (2017) ló wà nínú Tears of the Kingdom (2023). Ẹ má kàn so èyí tó kù pọ̀ nítorí pé fìlà wọn jọra.

Ti ẹlẹ́rìí ló kàn, ibẹ̀ ló sì gba sùúrù jù. Ohun tí a bá rí lójú tẹlifíṣọ̀n ju ìwé lọ. Ìwé ju ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹnìkan sọ ní Kutọnu lọ. Ìwé tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí ni Hyrule Historia, tó jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló yà láti Ocarina of Time. Link ṣẹ́gun Ganondorf, ọ̀tá ńlá tí wọ́n tún ń pè ní Ganon, tán, Zelda, ọmọ ọba obìnrin inú ìtàn náà, dá a padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Ayé tó fi sílẹ̀ ló di ti The Wind Waker. Ayé tó padà sí ló bí Majora's Mask àti Twilight Princess (2006). Méjì yìí kò ṣòro, ẹ lè fi òpin géèmù náà gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta ní Ganon ló borí, pé ibẹ̀ ni A Link to the Past (1991) àti géèmù ti 1986 ti wá. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, bí ẹ bá kú, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Kò síbi tí wọ́n ti fi ọ̀nà náà hàn yín. Àwọn kan ń pè é ní àlẹ̀mọ́. Èmi gbà á wọlé, àmọ́ bíìkì pupa la fi ń kọ ọ́. Ìwé pàápàá ń yí ohùn padà: ìwé mìíràn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017 gbé géèmù Link's Awakening kúrò lẹ́yìn àwọn géèmù Oracle méjèèjì, ó fi í síwájú wọn.

Kétu la wà, a mọ ohun tó ń jẹ́ títo ìtàn. Bàbá Ẹlẹ́gùn ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó há ìtàn àwọn Alákétu sórí láti Ilé-Ifẹ̀ wá. Àwọn tó ṣe Zelda kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó wá ibi tí ìtàn á jókòó sí.

Ẹni tó bá ní "ó ní láti jẹ́ pé" láìsí ibi tó lè ṣí fún wa wò, kó gbé mànẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíì. Bí kúrán bá lọ, iyàn dúró.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ Rauru ló wà nílẹ̀. Nínú Tears of the Kingdom, Zelda padà sẹ́yìn, ó bá Rauru tí wọ́n ní òun ni ọba àkọ́kọ́ ní Hyrule, ìlú tí ìtàn Zelda ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ìdásílẹ̀ ìlú náà gan-an nìyẹn, àbí ìlú ti parẹ́ rí tí wọ́n tún un tẹ̀ dó? Mo ní wọ́n tún un tẹ̀ dó ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. A fa ìlà sí àárín ojú ewé. Apá ọ̀tún, tirẹ̀, ti kún dé ìsàlẹ̀. Apá òsì, ìlà mẹ́ta péré ni mo tíì rí kọ, epo àkàrà sì ti bo ọ̀kan nínú wọn.