Bí ẹ ṣe lè tọ ipasẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ará Scotland ayé àtijọ́

Kí ẹ tó ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ rí i dájú pé ẹni tí ẹ ń wá gan-an lẹ dì mú. Orúkọ ló máa ń da iṣẹ́ yìí rú jù. Alexander kan náà lè jẹ́ Alec, Alex tàbí Sandy nínú ìwé ìròyìn, Mc náà sì lè di Mac. Orí ScotlandsPeople, ìkànnì àkọsílẹ̀ ìjọba Scotland, ni ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wà láti ọdún 1855. Ìwé ìbí wọn sàn ju ti England lọ dáadáa: wákàtí tí wọ́n bí ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí àwọn òbí ṣègbéyàwó náà kò gbẹ́yìn. Orúkọ ìdílé ìyá yẹn lẹ ó fi ya ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1901 àti 1911 yóò wá sọ ilé tó ń gbé àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìwé ìròyìn. Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn ẹ̀wù nígbà náà. Bí wọ́n ṣe to orúkọ ló ń fi ipò hàn. Ẹ wo ti Celtic lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní: Shaw, McNair, Dodds. Shaw ni aṣọ́lé, McNair tó ṣáájú ni ẹ̀yìn ọ̀tún, Dodds ni ẹ̀yìn òsì. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn ló ń gbá àárín, márùn-ún tó kù wà níwájú. Ẹni àárín gbùngbùn nínú àwọn mẹ́ta yẹn, centre-half, ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí òfin ọfusáìdì fi yí padà ní 1925. Alex Raisbeck ti Liverpool gbá ipò yìí; ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀yìn lásán.

Bí ẹ bá rí "Junior" níwájú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ìpele bọ́ọ̀lù àwọn àgbà ni, tó wà lábẹ́ ti líìgì ńlá.

Ibi ìkà gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. England dá líìgì rẹ̀ dúró láti 1915 sí 1919, ẹgbẹ́ mìíràn sì lè yá agbábọ́ọ̀lù lò fún ọjọ́ kan. Wọn kì í ka ìyẹn mọ́ àpapọ̀. Ní Scotland, líìgì onípele àkọ́kọ́ kò dúró, ife ẹ̀yẹ Scotland ló dúró. Alec McNair kúrò ní Stenhousemuir lọ sí Celtic ní 1904, ó sì wà níbẹ̀ di 1925. Ẹni tó bá yọ ọdún ogun kúrò ti gé àwọn ọdún tó dára jù lára iṣẹ́ rẹ̀ sọnù.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni McNair gbá bọ́ọ̀lù fún Scotland, láti 1906 sí 1920. Bí iye tí ẹ kà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ti ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ìṣẹ́gun ogun ní ọdún 1919, tàbí èyí tí àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù líìgì Scotland bá ti líìgì England gbá, mọ́ ọn. Méjèèjì kò wọ ìṣirò orílẹ̀-èdè.

Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Sátidé kò tó ẹ̀rí, torí ẹni tó fara pa lè má wọ pápá mọ́. Ìròyìn ọjọ́ Ajé ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn méjì wé ara wọn.