Ẹni tó gbé paraquat mì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀

Èyí tó burú jù ni kí a wo ojú aláìsàn, kí a ní ara rẹ̀ ti yá. Ẹni tó gbé paraquat, oògùn apakoríko yìí, mì lè bì díẹ̀, kó jókòó, kó sì máa báni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ má dá a padà sílé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ahọ́n rẹ̀ lè máa bó, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni oró náà ń ṣà jọ sí. Ẹ̀dọ̀fóró náà lè le gbagidi tí mímí yóò fi di ogun, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ má tìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má fún un lómi iyọ̀ kó lè bì. Bí oògùn yìí ṣe bó ọ̀fun nígbà tó ń wọlé ni yóò tún bó o nígbà tó bá ń padà bọ̀, ó sì lè ṣì gba ọ̀nà èémí lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ń wá láti ọwọ́ àwa oníṣẹ́ ìlera fúnra wa: aláìsàn dé, a sáré gbé ọ́síjìn sí i nímú. Ọ́síjìn gan-an ni paraquat fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí èémí bá ṣì dáa, epo là ń bù síná yẹn. Àfi tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ gidi, kó sì jẹ́ ìwọ̀nba.

Kò sí ẹ̀rọ̀ pàtó fún un. Atropine tí a ń lò fún oró àwọn oògùn apakòkòrò kan kò ràn án, nítorí náà, ẹ má gbàgbé ike oògùn náà nílé, kí a lè mọ irú oró tó jẹ́. Èédú ìṣègùn ló lè mú díẹ̀ nínú oró náà kó tó wọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ló sì ti wúlò jù. Bí ìtọ̀ aláìsàn tí a po mọ́ sodium dithionite, kẹ́míkà tí a fi ń ṣàyẹ̀wò, bá di búlúù, paraquat ti wọ ara. Bí kò bá yí àwọ̀ láàárọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́sàn-án. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì yá jù ni.

Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, kí ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láìha ara rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ mu ún ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ọ̀pọ̀ ń kábàámọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Kí ẹnì kan jókòó tì í tọ̀sán-tòru, kó máa dá a lóhùn.