Ọjọ́ 21 Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Ìbejì

Oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní Èkó, ni wọ́n fún mi ní orúkọ èèyàn méje. Kò sí aláìsàn nínú wọn. Wọ́n kàn ti súnmọ́ ẹni tí Ebola mú ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, torí pé bó pẹ́ bó yá, àárín ọjọ́ 21 ni àrùn náà máa yọjú tó bá ti lúgọ sára.

Ìyá Ìbejì tó ń ta gààrí ló wà lókè ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Kí n tó jáde, àwọn aládùúgbò ti kún ojú fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹnikẹ́ni ò ra gààrí wọn mọ́. Èmi ni mo fà á, ó sì dùn mí dọ́kàn. Mo bọ́ aṣọ yẹn. Mo wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òpópónà kejì, mo ń fẹsẹ̀ rìn wọlé bí oníbàárà.

A kì í bọwọ́. Màá dúró jìnnà díẹ̀, màá na tẹmomítà sí iwájú orí wọn, màá kọ iye tó gbé jáde. "Mà, ṣé orí ò fọ́ yín? Ṣé ẹ ò bì?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá korobá omi iyọ̀ nílẹ̀. Àhesọ ti gba ìlú pé ẹni tó bá mu ún, tó sì fi wẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má mu ún.

"Ṣé ìwọ lè fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní kú?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo ní tí ara wọn bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an la máa mọ̀, kó tó ran àwọn ìbejì. Wọ́n da omi náà nù.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, tẹmomítà gbé 38.2 jáde. Mo tún un yẹ̀ wò, ibẹ̀ náà ló wà. Mo pe ọ̀gá mi, ọkọ̀ dé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Mi ò sùn mọ́jú. Ibà ẹ̀fọn ni.

Ní ọ́fíìsì, àwọn onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn ń fi ìwé wa ya ẹni tó ran ẹni, bí ìgbà tí èèyàn ń to ìran ìdílé. Gbogbo okùn náà já sọ́dọ̀ arìnrìn-àjò kan ṣoṣo tó ti Liberia wọ̀lú lóṣù keje. Èèyàn 894 la tọ̀ lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà. Àrùn náà mú 20, ó pa 8. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ 21 Ìyá Ìbejì, 36.5 ni. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ lọ lọ́jọ́ náà. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níta gbangba, mo ra kóńgò gààrí méjì, mo sì dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo àdúgbò.