Ta ló tún ń dárúkọ iṣẹ́ yín lórí ayélujára?

Iṣẹ́ mi ni kí n bá àwọn oníṣòwò kékeré tún ojú òpó wọn ṣe, kí ẹni tó ń wá irú ohun tí wọ́n ń tà lè rí wọn. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo máa ń bi wọ́n pé: yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, ta ló tún ń dárúkọ iṣẹ́ yín lórí ayélujára? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dákẹ́. Wọ́n á ní àwọn àwòrán náà rẹwà, ó tètè ń ṣí lórí fóònù, àwọn sì ti kọ gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ara yín ṣì ni gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀ ní 1998, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ nípa yín ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. PageRank ni wọ́n pe ọgbọ́n tí wọ́n dá náà. Bí ojú òpó kan bá gbé líǹkì òmíràn sórí ara rẹ̀, ìyẹn ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ kó lè dé ojú òpó òmíràn náà, wọ́n kà á sí ẹ̀rí tí ẹnì kan jẹ́ fún ẹnì kejì. Ẹ̀rí kò sì dọ́gba: ẹni tí ọ̀pọ̀ ti jẹ́rìí sí, ẹ̀rí tirẹ̀ náà wúwo ju ti ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ. Nǹkan tí Google ń wò ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, líǹkì sì wà lára wọn títí di òní.

Fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní àdúgbò kan, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Bí ènìyàn bá tẹ "ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe nítòsí mi", máàpù á jáde, orúkọ mẹ́ta ló sì sábà máa ń bá a jáde. Google fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ohun tó fi ń yan àwọn orúkọ náà: bí iṣẹ́ yín ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó ń wá a, àti bí òkìkí yín ṣe kàn tó. Ti ọ̀nà jíjìn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ló wà. Ti òkìkí ni líǹkì wà fún, pẹ̀lú ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa yín. Lóòótọ́, ẹ lè sanwó ìpolówó, ṣùgbọ́n ìyẹn lọ́tọ̀. Kò sí owó tí ẹ lè san fún Google kó fi gbé orúkọ yín ga láàárín àwọn tí kì í ṣe ìpolówó. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín ṣètò rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara Google Business Profile, ìyẹn ibi tí Google ti ń fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà iṣẹ́ yín hàn lórí máàpù, èyí tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ tó wà lára pátákó yín gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má fi "tó dára jù, tó rọ̀ lọ́rùn jù" kún un, torí ó lòdì sí òfin wọn, wọ́n sì lè gbé orúkọ yín kúrò pátápátá. Bí ẹ bá ń bá oníbàárà ṣiṣẹ́ nílé wọn tí ẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi àdírẹ́sì yín pamọ́, kí ẹ sì kọ àwọn àdúgbò tí ẹ ń dé. Wọn ò gbà ju 20 lọ. Nọ́ńbà fóònù kan náà, àdírẹ́sì kan náà, níbi gbogbo tí orúkọ yín bá wà. Ẹ wá nọ́ńbà yín àtijọ́ lórí Google, ẹ ó rí àwọn ibi tó ṣì wà tí ẹ ti gbàgbé.

Ẹ ní ojú òpó tó jẹ́ tiyín o. Ní oṣù kẹta 2024, Google pa àwọn ojú òpó kéékèèké tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú Business Profile. Ẹni tí kò ní òmíràn, líǹkì tó wọlé fún un di òfo.

Níbo wá ni líǹkì ti ń wá? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àjèjì. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ tó sì ní ojú òpó: ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra ọjà wọn tà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tí ẹ ń dá owó fún, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kọ́ṣẹ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn àti tiyín jọ ń rìn, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tí ẹ ra aṣọ fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ojú ìwé tí wọ́n to irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ kàn fi irú èyí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. A wà lára àwọn tó ń ta ọjà yín. A rí i pé ẹ to orúkọ àwọn tó ń tà á sórí ojú òpó yín, ṣùgbọ́n tiwa ò sí níbẹ̀. Orúkọ wa, àdírẹ́sì wa, nọ́ńbà wa àti líǹkì wa rèé. Ẹ ṣeun." Kó má gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé líǹkì náà lé fún wọn. Orúkọ yín tó.

Líǹkì tún ń wá bí ẹ bá ní ohun tó yẹ kí ènìyàn tọ́ka sí. Kò sẹ́ni tó máa tọ́ka sí "Ẹ káàbọ̀ sí ojú òpó wa". Ẹ mú ìbéèrè tí oníbàárà ń bi yín títí ó fi sú yín, kí ẹ dáhùn rẹ̀ dáadáa lójú ìwé kan. Bí ẹ bá ń tún fìríìjì ṣe, ẹ kọ ìdí tí òkè fi ń dì tí ìsàlẹ̀ kò tutù: yìnyín lè ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà, tàbí kí fáànù inú rẹ̀ ti kú. Ẹ ya fọ́tò ihò náà. Tó bá yá, ẹni tó ń ta fìríìjì lè rán àwọn oníbàárà tirẹ̀ wá síbẹ̀.

Ní ti líǹkì rírà, ẹ ó máa rí lẹ́tà tó ń ṣèlérí ọgọ́rùn-ún líǹkì lówó pọ́ọ́kú. Ẹ pa á rẹ́. Ní oṣù kẹrin 2012 ni Google gbé ìyípadà tí wọ́n pè ní Penguin jáde, irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ló sì dojú kọ. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e pòórá lójú ìwé àkọ́kọ́ tí Google ń gbé jáde. Líǹkì tí ẹ bá sanwó fún, òfin wọn ni kó ní àmì "sponsored" tàbí "nofollow" nínú kóòdù rẹ̀, tó ń sọ fún Google pé kó má kà á sí ẹ̀rí. Àwọn kan máa ń fojú kéré líǹkì tó ní àmì yìí. Èmi ò bá wọn sí níbẹ̀. Bí ojú ìwé náà bá jẹ́ ibi tí àwọn oníbàárà yín ń kà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì pè yín, àmì tàbí kò sí àmì. Bí àjèjì bá sì da líǹkì ẹ̀gbin lù yín, ẹ fi í sílẹ̀. Google sábà máa ń fojú fò ó.

Ti ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ nípa yín lórí Google kò gùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ kété tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi líǹkì ibi tí wọ́n á ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ẹ má fún wọn ní ẹ̀bùn torí rẹ̀, ẹ má sì yan àwọn tí inú wọn dùn nìkan. Ẹ fèsì fún ẹni tó bínú, pẹ̀lú sùúrù.

Èyí tí àwọn tó ń kọ́ ojú òpó máa ń gbójú fò ni àdírẹ́sì ojú ìwé àtijọ́. Bí wọ́n bá tún ojú òpó yín kọ́ tí àdírẹ́sì àwọn ojú ìwé yí padà, líǹkì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ á máa já sí asán. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní 301 darí ọ̀kọ̀ọ̀kan àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun. Google Search Console, irinṣẹ́ Google fún ẹni tó ní ojú òpó, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á fi àwọn tó ń tọ́ka sí yín hàn yín. Ẹ tẹ díẹ̀ nínú wọn wò.

Lóṣooṣù, ẹ wo Business Profile yín láti mọ iye ẹni tó béèrè ọ̀nà àti iye ẹni tó pè. Bí àwọn tó ń béèrè ọ̀nà bá ń pọ̀ sí i tí fóònù yín kò sì dún, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ fóònù ta ni yóò dún.